Ìgò Orí Itan, Ìkòkò Orí Ààrò

Ó ku èrò mẹ́ta kí bọ́ọ̀sì Ọ̀fà kún. Oòrùn ọ̀sán ti mú páànù orí ọkọ̀ gbóná, àwọn ọmọkùnrin Ọ̀fà Garage sì ń ké "Ọ̀fà, Ọ̀fà, wọlé!" Ni ọkùnrin kan bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì rẹ̀ sáyà. "Asàlámù àlékúmù o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó. A ó sọ̀ láyọ̀ o." Gbogbo wa ṣe àmín. Kí àmín tó kúrò lẹ́nu wa, ìgò ti jáde. Fítámì ni, ó ní. Ojú tó ń ṣe bàìbàì, ẹ̀yìn tó ń ro, àárẹ̀, ọmọ tí kì í jẹun, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ìgò kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn.

Ìyá tó jókòó tì mí gbé ọmọ lé itan. Ọmọ náà á tó ọdún méjì, apá rẹ̀ sì tín-ínrín. Ìyá náà tú owó ní ìdí ìró, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ti ọmọdé kan. Lójú fèrèsé kan náà, ọmọbìnrin Fúlàní kan gbé igbá wàrà dúró, wàrà funfun báláú nínú omi rẹ̀. Ìyá náà kò wo ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní oúnjẹ tó, pé ìnákúnàá ni fítámì inú ìgò. Mo ti gbọ́ ti àwọn tó gbà pé ẹni tí kò bá lo fítámì lóṣooṣù ń fi ara rẹ̀ wewu. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló ní òótọ́ tí ìhà kejì kì í fẹ́ fetí sí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ìgò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún máa ń pa ojú rẹ̀ dé láàrin ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé oyún wà lára. Bí fítámì tí wọ́n ń pè ní fólíìkì kò bá tó lára ìyá, ọ̀pá náà lè má dé. Ní 1991, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè méje, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀, fi hàn pé bí obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí bá ń lo fólíìkì kí ó tó tún lóyún, ewu náà ń fi ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ta ni yóò wá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ nìkan? Ẹ̀fọ́ ní fólíìkì lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí a ti ń sè é: a ó bọ̀ ọ́, a ó fún un títí yóò fi gbẹ, a ó da omi aláwọ̀ ewé náà nù. Púpọ̀ nínú fólíìkì àti fítámì C bá omi náà lọ. Káún tí à ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà kí wọ́n lè tètè rọ̀ ń ba fítámì B1 jẹ́. Ìkòkò wa dára, àmọ́ ó ń jò.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè di àìsàn pẹ̀lú. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti ń rí àìsàn kan nílẹ̀ Yorùbá tó máa ń yọjú nígbà òjò. Ẹni tó jẹun tán tí ara rẹ̀ le yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí yó, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò ní dúró sójú kan. Ní 1993 ni Dókítà B. Adamolekun, tó tọpa rẹ̀ dé agbègbè Ìkàrẹ́, kọ̀wé pé ìdin Anaphe venata ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan nínú ẹbí kòkòrò tí a ń ti ara ìtẹ́ wọn rí òwú sányán. Yíyan ni wọ́n ń yan ìdin náà jẹ. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń fọ́ fítámì B1, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn náà ń jẹ kò ní B1 púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn kan ní B1, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn lásán, ara àwọn tó gba B1 sì yá jù. Ohun tí ọbẹ̀ àti òkèlè kò lè tètè tún ṣe, fítámì tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fítámì A tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kán sí ọmọ lẹ́nu: hóró aláwọ̀ aró fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá, pupa fún ẹni tó ti pé ọdún kan títí dé oṣù 59, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀, ọmọ á ṣẹ́jú, á gbé e mì. Ní apá àríwá Ghana, ìwádìí tó jáde ní 1993 rí i pé ikú ọmọdé fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin àwọn tó gbà á. Ó tọ́ kí n fi kún un pé ní Íńdíà, ìwádìí tí ọmọ bíi mílíọ̀nù kan wà nínú rẹ̀, tó jáde ní 2013, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Lójú tèmi, níbi tí àìtó bá ti múlẹ̀ ni hóró náà ti ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó dúró ti ìkòkò náà wúwo. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní bẹ́tà-kárótìn, èròjà tí ara máa ń sọ di fítámì A, nítorí pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso púpọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún 29 ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàrin àwọn tó ń lo hóró náà. Ohun tí ń ṣe ara lóore nínú kárọ́ọ̀tì, nígbà tí wọ́n yọ òun nìkan sọ́tọ̀ tí wọ́n sì fi kún un, ṣe jàǹbá.

Èyí tó kan ìyá inú bọ́ọ̀sì gan-an ni ti Pemba, erékùṣù kan ní Tanzania tí ibà pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fún àwọn ọmọdé ní áyọ́ọ̀nù àti fólíìkì lójoojúmọ́, èròjà inú oògùn ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ọ̀ràn kí ọmọ dèrò ilé ìwòsàn tàbí kí ó kú fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á, wọ́n sì ní láti dá a dúró. 2006 ni èsì rẹ̀ jáde. Kì í ṣe pé áyọ́ọ̀nù burú o. Níbi tí wọ́n ti ń tètè wo ibà, àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ní ti gidi jàǹfààní rẹ̀. Fífún ọmọ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, láìtọ́jú ibà, ibẹ̀ ni ewu wà. Kò sì sí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

Ibi tí ìgò àti ìkòkò ti pàdé tí kò sẹ́ni tó dá ẹnìkejì ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ìwé àwọn òyìnbó sọ pé fítámì D tí oòrùn ń fún wa ni kò tó. Ọmọ Nàìjíríà, kí oòrùn má tó o? Àwọn olùwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, ní àwọn ọdún 1990, rí i pé calcium ni kò sí nínú oúnjẹ àwọn ọmọ náà, kì í ṣe fítámì D. Ní Jos, ohun kan náà ni wọ́n rí: àwọn ọmọ yìí ń rí bíi mílígíráàmù 200 calcium lóòjọ́, èyí tí kò tó ìdajì ohun tí ara wọn ń fẹ́, nítorí pé kò sí wàrà, kò sí mílíìkì lẹ́yìn tí wọ́n bá já wọn lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ lásán ni. Nínú èsì tó jáde ní 1999, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba calcium nìkan ló sàn, ìdá 19 péré nínú àwọn tó gba fítámì D nìkan. Ẹni tó bá ra ìgò fítámì D fún irú ọmọ yìí ra oògùn gidi fún àìsàn tí kò ṣe ọmọ náà. Hóró calcium ló sì wò wọ́n, kí a má gbàgbé. Àmọ́ ní 2015, àwọn olùwádìí Jos náà tún gbé ẹja lílọ̀, teegunteegun, sí ẹ̀gbẹ́ òkúta ẹfun tí a lọ̀. Àwọn méjèèjì mú ẹsẹ̀ ọmọ yá.

Nítorí náà, n kò lè bá àwọn tó ń fi ìyá yẹn ṣe ẹlẹ́yà lọ. Ẹni tó ń ní kí ó máa fún ọmọ ní ẹyin àti ẹja lójoojúmọ́, ṣé ó ti béèrè iye kéréètì ẹyin? Ọ̀nà kan wà tí kò di ẹrù lé ìyá nìkan lórí. Láti 1993 ni òfin ti ní kí áyódìn wà nínú iyọ̀ wa, kí gẹ̀gẹ̀ lè kásẹ̀ nílẹ̀. Láti 2002 ni wọ́n ti ní kí fítámì A wà nínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ìyá kò ní láti mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣe ọmọ rẹ̀ lóore. Àmọ́ òróró tó ń sùn nínú kẹ́ẹ̀gì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tó ń yáàrùn lẹ́bàá ọ̀nà, fítámì A rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìgò inú báàgì ọkùnrin yẹn, tó ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn lábẹ́ oòrùn Ìlọrin láti òwúrọ̀.

Ọ̀fà tí à ń lọ náà ní tirẹ̀. Ìlú ọ̀dùnkún ni. Funfun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú, fítámì A inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ irú kan wà tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí bẹ́tà-kárótìn kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ ló mú kí Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2016. Wọ́n ti ń gbin irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó wù mí kí n rí i lórí àtẹ Ọ̀fà Garage, ní sísè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ní iye kan náà.

Bọ́ọ̀sì kún, a gbéra. Nígbà tó ṣe, ìyá náà na ìgò sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ṣíbí mélòó ni wọ́n ní kí n fún un?" Mo ka ara rẹ̀ fún un. Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò rí. Ó ní rárá, ara ọmọ náà kàn máa ń gbóná lálẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ má tíì ṣí i o, Ìyá Àlájà. Ibà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Ẹ gbé ìgò yìí dání lọ, kí nọ́ọ̀sì rí i." Ó wò mí, ó wo ìgò, ó fi í sábẹ́ aṣọ ọmọ nínú báàgì rẹ̀.

Wàrà tí mo rà lójú fèrèsé ṣì wà nínú ọ̀rá lórí ẹsẹ̀ mi. Mo bù ú sí méjì. Ká tó dé Ajásẹ́-Ìpo, omi wàrà ti rin ọmọ náà láyà dé ìdodo, ó sì ń na ọwọ́ sí ìdajì tó kù lọ́wọ́ mi.