Ẹni Tó Fẹ́ Fín Oògùn Sí Oko Wa, Kó Kọ́ Ọ, Kó Gba Ìwé

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gba ọ̀nà Kétu lọ sí Ìlárá tàbí sí Pobẹ́ láàárọ̀ á rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin lórí alùpùpù, ẹ̀rọ ìfín lẹ́yìn wọn, gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn. Oko àgbàdo, oko ẹ̀wà àti oko òwú ni wọ́n ń lọ bá olóko fín. Iṣẹ́ wọn wúlò púpọ̀. Oko tí a máa fi ọkọ́ ro fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ti fín in tán kí oòrùn tó kan àtàrí. A kò bá wọn ṣọ̀tá. Ohun tí a ń béèrè ni pé: ta ló kọ́ wọn, ta ló sì fún wọn ní ìwé?

Òfin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1991 ni Benin ti ní òfin 91-004 lórí ààbò irúgbìn àti oògùn oko. Ní 1992, àṣẹ ìjọba 92-258 ṣàlàyé bí a ó ṣe máa tẹ̀lé e. Oògùn tí ìjọba kò fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, tàbí tó fẹ́ máa fín in fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní agrément. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òfin yìí ti wà. Ẹ jẹ́ ká wo ọjà wa, ká bi ara wa léèrè: mélòó nínú àwọn tó ń tà á tàbí tó ń fín in ló ní ìwé náà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Borgou kò yẹ ká gbàgbé. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, ó kéré tán ènìyàn 37 ni ìròyìn sọ pé ó kú níbẹ̀ nítorí endosulfan, oògùn tí wọ́n ń fín sí òwú. Lẹ́yìn náà ni Benin fòfin dè é. Ní 2011, àdéhùn Stockholm fi í kún àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Ní ti wa, ẹnu ibodè la wà. Oògùn tí ilẹ̀ kejì bá lé jáde lè wọ ilé wa lọ́jọ́ kejì. NAFDAC ti Nàìjíríà kéde pé òun fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2024, àti atrazine láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 2025. Paraquat yìí, ẹni tó bá gbé e mì, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára ìgò tó ti ọ̀hún wá, èdè Faransé ló wà lára èyí tó ti Kútọnu wá. Ọmọ tó ń fín in lè má gbọ́ ọ̀kankan. Àìmọ̀kan mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ẹni tó fín in jẹ, ẹni tí kò fín in náà jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti ṣe é. Ní Faransé, láti ìparí oṣù kọkànlá 2015, àgbẹ̀ tí kò bá ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Certiphyto kò lè ra oògùn oko tí àgbẹ̀ ń lò, kò sì lè fín in. Ọdún márùn-ún ni ìwé náà ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà, láti 1972 ni òfin ti sọ pé oògùn tó le jù, ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí, tàbí ẹni tí onítọ̀hún ń bójú tó, nìkan ló lè lò ó.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ ìwé tó máa di owó ẹ̀yìn fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ti èdè Faransé nìkan, tó sì jẹ́ pé Kútọnu la ó ti lọ gbà á, ọmọ àgbẹ̀ kò ní rí i gbà, á sì máa fín oògùn lọ ní ìkọ̀kọ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Plateau kọ́ wọn ní Yorùbá, nínú oko gan-an, ní owó tí apá wọn ká. Kí mérì ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ orúkọ àwọn tó ti kọ́ ọ mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì ka orúkọ náà lórí rédíò. Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìyẹ̀wò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kó tó kan ọmọ tó ń fín in. Ẹni tó ń bu oògùn sínú ike omi tà léwu ju ẹni tó rà á lọ.

Kí èyí tó dé, ẹ̀yin olóko, ẹ má gba ẹni tí kò ní bàtà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú láyè. Ẹ wo ìlà aláwọ̀ tó wà lára ìgò: pupa ló léwu jù. Ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló yẹ ká dúró kí a tó kórè. Kó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ìgò tó bá ti ṣófo, kí wọ́n fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n dá a lu. Kò gbọ̀dọ̀ di ohun tí a ń rọ epo tàbí omi mímu sí nílé.

Awakọ̀ tí kò ní ìwé, ọlọ́pàá á dá a dúró. Ẹni tó gbé májèlé sẹ́yìn lọ sí oko oúnjẹ wa kò kéré ju awakọ̀ lọ.