Dókítà Tí Kò Sùn, Ọ̀ràn Tiwa Ni

Nígbàkúùgbà tí àwọn dókítà ìjọba bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ ní gáréèjì àti ní kántíìnì: "Àwọn olówó wọ̀nyí tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Kí ni wọ́n tún fẹ́?" A gbọ́ ọ ní ọdún 2021, nígbà tí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kékeré, pa iṣẹ́ tì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ títí wọ inú oṣù kẹwàá. A tún gbọ́ ọ ní 2023. Nígbà tí wọ́n sì tún kúrò ní wọ́ọ̀dù fún nǹkan bí oṣù kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹnu àwa òṣìṣẹ́ ló mú jù lára wọn. Àwa kò fọwọ́ sí èébú yẹn, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bú. Kì í ṣe ọ̀gá dókítà tó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ nígboro là ń wí. Dókítà kékeré ni ẹni tí wọ́n ń pè ní house officer, àti resident tó wà lókè rẹ̀. Olówó oṣù ni bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ dírẹ́bà ni, ọmọ ìyá aláta ni, ọmọ ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ ni. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ìyẹn bí àwọn tíṣà ibẹ̀ kò bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan house officer: oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn aboyún, oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, oṣù 3 lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tí àìsàn wọn kò gba abẹ. Ó di agùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Bí ó bá wá yege ìdánwò, tí ó sì rí àyè, yóò ṣe resident fún ọdún 5 tàbí 6, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó wọ yunifásítì ní ẹni ọdún 18 lè ti pé 32 kí ó tó di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ti ní ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ mẹ́ta nígbà yẹn.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Kọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Bí kọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, dókítà kékeré wọlé láàárọ̀ bí gbogbo òṣìṣẹ́, ó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, ó bọ́ sí iṣẹ́ òru, ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta sì lè mọ́ láìsí ẹni tó wá gbà á. Òun ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, òun ni yóò fa omi sí i lára, òun ni yóò kọ fáìlì, òun náà ni yóò sáré lọ wádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ ni yóò fi ríran. Bí ẹnìkan bá kú, òun ni yóò jáde lọ sọ fún ẹbí, òun náà sì ni ẹbí yóò dì mú ní kọ́là. (Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa yìí mọ ohun tí à ń sọ.)

Ní ilé-iṣẹ́ tiwa, bí ṣíìfù bá parí, fèrè a fọn. Bí ọ̀gá bá ní kí a dúró, ófátáìmù ni, a ó sì bi í léèrè iye tó jẹ́. Ti dókítà kékeré kò ní fèrè. Ẹ tún wo owó ewu tí wọ́n ń san fún wọn: 5,000 náírà lóṣù ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí gbogbo wa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ní in, iye náà nìyẹn. Kò tó ra táyà tòkunbọ̀ kan. Ìgbà tí ọdún 2021 ń parí lọ ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè.

Ọ̀rọ̀ wákàtí gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Láti ọdún 1919 ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ pé wákàtí 8 lóòjọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ni ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ní 1979 wọ́n kọ ti àwọn awakọ̀: kí dírẹ́bà má ṣe wakọ̀ ju wákàtí 4 lọ ní àwàgbà láìsinmi, kí gbogbo rẹ̀ má ju 9 lọ lóòjọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC náà ń kìlọ̀ fún wa lójoojúmọ́ pé bí ó bá ti di wákàtí 4, kí á pa ọkọ̀ kí á sinmi. A mọ̀ pé a kì í tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. A sì mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń fi wákàtí 12 lé òṣìṣẹ́ lórí. A ti kọ ìyẹn rí nínú ìwé yìí, a ó tún kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, àkọsílẹ̀ wà tí a lè nawọ́ sí.

Ta ni nínú wa tí yóò gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì tí dírẹ́bà rẹ̀ ti wà nídìí sítíàrì láti ìjẹta? Kò sí. A ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó yẹn bá ń rọbí lóru, ọwọ́ ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti àárọ̀ àná ni a ó fi í lé, a ó sì máa dúpẹ́. Abẹ ló wà lọ́wọ́ ẹni yẹn o.

Ohun tí àìsùn yìí ń ṣe fún àwọn fúnra wọn kò fara sin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ní LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ṣubú, ó sì kú. Ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀ ní ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 72 ṣáájú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ẹ̀rọ agbéniròkè já nínú ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Òdàn, Erékùṣù Èkó, ó sì pa ọmọbìnrin kan tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó parí ọdún house officer rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú ilé náà ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fẹjọ́ ẹ̀rọ yẹn sùn. Kò yẹ kí ìyẹn ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ.

Níbòmíràn, ìyà irú èyí ti di òfin. Ní New York ní ọdún 1984, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Libby Zion kú mọ́jú ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, lọ́wọ́ àwọn dókítà kékeré tí iṣẹ́ ti pá lórí. Akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú pẹ̀lú ọmọ. Ní 1989 ìpínlẹ̀ New York pàṣẹ pé dókítà kékeré kò gbọdọ̀ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ ní àṣegbà. Ní Britain, láti 2009, 48 lọ́sẹ̀ ni, bí a bá pín in déédéé. Àwọn ọmọ wa sì mọ̀ ọ́n. Ní 2025, Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà bí 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7. Ẹ̀yin ará ọkọ̀ mọ ìṣirò yìí: bí ọkọ̀ 10 bá ń ná títì kan, tí 6 lọ, èrò kò dín. Àwọn 4 tó kù ni yóò máa sáré. Kọ́ọ̀lù àwọn tó lọ ti bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù.

Kí ló wá ń dá àwọn tó kù dúró? Owó wà níbẹ̀, a kò ní parọ́. Nígbà tí wọ́n bá rí i gbà, ó ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n èrè mìíràn wà. Ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ fún wa pé ọmọ náà a máa sunkún lórí fóònù lálẹ́ pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò tún pe bàbá rẹ̀ pé ọmọ tuntun kan tí kò mí ti ké lọ́wọ́ òun. Ìyá àgbà kan gbé iṣu mẹ́ta wá fún un láti oko, ó ní nítorí ẹsẹ̀ òun tí wọn kò gé mọ́ ni. Nínú iṣẹ́ tiwa, ta ni wọ́n gbé iṣu wá fún rí? Dírẹ́bà tó gbé èrò 18 délé láyọ̀, ṣéńjì ni wọn yóò bi í.

A kò kẹ́gàn ayọ̀ yẹn. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé òun gan-an ni ìjọba fi ń rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ àánú ni, kí wọ́n máa fara dà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ fún àwọn tíṣà títí pé èrè wọn ń bẹ lọ́run.

A ní ẹ̀sùn tiwa sí wọn o, a ó sì sọ ọ́ lójú wọn. Àwọn kan nínú wọn a máa pariwo mọ́ àwọn ìyàwó wa bí ẹni ń lé adìyẹ. Bí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó kù bá bèèrè ẹ̀tọ́, àwọn dókítà a máa dúró lódìkejì, bí ẹni pé ọ̀gá kan náà kọ́ ló ń jẹ gbogbo wọn ní gbèsè. Bí wọ́n bá sì daṣẹ́ sílẹ̀, olówó a gba ilé ìwòsàn aládàáni lọ. Ará wa ni wọ́n ń gbé padà láti ẹnu ọ̀nà Jẹ́nẹ́rà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí àwa gbè é lẹ́yìn, kí ó ṣètò fún ẹni tó ń kú lọ lọ́jọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀.

Síbẹ̀ kí á má gbàgbé pé wọ́n ti jà fún wa rí. Ní ayé Buhari ológun, nígbà tí oògùn tán nílé ìwòsàn, àwọn dókítà ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ní 1985 ìjọba fòfin de NMA àti NARD pọ̀, wọ́n sì ti àwọn olórí wọn mọ́lé, Beko Ransome-Kuti wà nínú wọn. Kì í ṣe owó oṣù nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wọ àtìmọ́lé; oògùn tí àwa yóò lò wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé ẹ̀ka ní oṣù tó ń bọ̀. Èkíní, kí ẹ̀ka wa yan ẹni mẹ́ta lọ bá ẹgbẹ́ àwọn dókítà kékeré ní àwọn ilé ìwòsàn tí àwa ń lò, kí a gbọ́ iye wákàtí tí wọ́n ń ṣe láti ẹnu wọn, kí a sì gbé ẹ̀sùn tiwa náà kalẹ̀. Èkejì, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lórí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń kọ orúkọ wa sí, kí a fi ìbéèrè kan kún un: dókítà tó wà níbẹ̀ lóru, ìgbà wo ló sùn gbẹ̀yìn? Owó ń jáde lórí wa síbẹ̀ lóṣooṣù, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Kí àwọn ará ọkọ̀ tó wà ní ṣíìfù alẹ́ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ṣáájú, kí á lè mú àkókò ìpàdé tí yóò bá wọn lára mu.