Kí Ẹ Tó Fi Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tọrẹ

Ní ọdún 1899, Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́-àgùntàn Ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, fi ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún ni. Ibẹ̀ ni ìwé náà sọnù sí. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tọ atẹ̀wé náà lọ ní 1900, èsì tí ó gbà ni pé wọn kò rí i mọ́, wọ́n sì ṣe tán láti san owó rẹ̀. Àlùfáà náà kú ní 1901 láì rí ìwé rẹ̀ ní títẹ̀. Àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà tí kò tíì dán, tí ó tọ́jú sí ilé, ni àbúrò rẹ̀ fi tún ìwé náà kọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lásìkò yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, àwọn ọmọ sì ń ra ẹ̀rọ tuntun fún òbí wọn. Kí tuntun tó jókòó dáadáa lórí tábìlì, a ti fi àtijọ́ ta ọmọ ẹ̀gbọ́n lọ́rẹ. Èrò tèmi ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ̀ǹda àtijọ́ títí yóò fi ṣí àwọn fáìlì rẹ̀ wò lórí tuntun, tí ẹ̀dà kẹta yóò sì wà ní ilé mìíràn, níbi tí olè tàbí iná kan náà kò ti ní bá gbogbo wọn.

Mo ní kí ó ṣí wọn wò. Ọ̀pọ̀ rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ti ní òun kó ẹrù tán, iṣẹ́ parí. Orúkọ fáìlì lè dé kí ohun inú rẹ̀ má dé, pàápàá bí iná bá lọ lágbedeméjì, bí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi iye fáìlì inú fódà àtijọ́ wé ti tuntun. Ẹ ṣí àwòrán tí ó pẹ́ jù lọ. Ẹ wo fídíò kan dé òpin.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá tún ní ìṣòro kan tí àwọn ọmọdé tí ń ta kọ̀ǹpútà kì í sábà mọ̀. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn fọ́ǹtì Yorùbá tí à ń lò a máa gba ipò àmì mìíràn láti fi gbé ẹ, ọ àti ṣ jáde. Bí a bá kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, ìwé yóò ṣí o, ṣùgbọ́n àmì owó tàbí àmì àjèjì mìíràn ni yóò jókòó sí ibi tí ó yẹ kí ọ wà. Ìwàásù ogún ọdún, oríkì ìdílé, ìtàn ìgbésí ayé àwọn àgbà tí a kà níbi ìsìnkú wọn, gbogbo rẹ̀ di ìrújú. Ẹ kó fọ́ǹtì náà lọ pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà PDF nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì lè kà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè fara balẹ̀ wá ẹni tí yóò fi Unicode tún un tẹ̀. Lójú tèmi, ìdí kan ṣoṣo yìí tó láti dá ẹ̀rọ àtijọ́ dúró nílé fún oṣù mẹ́ta.

Àwọn kan yóò sọ pé Google ti bá àwọn tọ́jú tiwọn. Ó dára, ṣùgbọ́n 15 GB ni ààyè ọ̀fẹ́ náà, í-meèlì àti àwòrán ni wọ́n sì jọ ń pín in. Bí ó bá jẹ́ fódà tí ó ń bá kọ̀ǹpútà yín dọ́gba ni, ohun tí ọmọ-ọmọ yín bá parẹ́ níhìn-ín yóò parẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ibi ìdalẹ̀nù, ó di àwátì. Ẹlòmíràn á ní owó háàdì dísìkì pọ̀, owó ilé-ìwé ọmọ sì wà nílẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ fi fíìmù àti orin sílẹ̀ nígbà náà; ìwé tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ kì í gba ààyè púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà níbẹ̀. Lẹ́tà tọkọtaya tí ìjà dé sí àárín wọn ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà àlùfáà. Máàkì ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ nínú ti olùkọ́. Bí a tilẹ̀ pa fáìlì rẹ́, tí a sì da ibi ìdalẹ̀nù nù, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lè gbé e dìde. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà nu inú ẹ̀rọ mọ́ lójú yín kí ó tó kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ìwé wa pàápàá. Inú kọ̀ǹpútà ara ẹni àwọn akọ̀wé ni orúkọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìṣirò owó àti àwòrán àjọ̀dún wà. Bí akọ̀wé bá yí padà, a kì í béèrè wọn. Mo dábàá kí a ra háàdì dísìkì méjì láti inú owó àjọ̀dún yìí, kí ọ̀kan wà ní ibi ìkówèésí ilé-ìwé, kí èkejì wà lọ́wọ́ akápò, kí a sì máa ṣí méjèèjì wò ní ìpàdé ọdọọdún. Àwòrán àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí láyé mọ́, ni kí a kọ́kọ́ kó sí i.