Ìsinmi Tí A Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, inú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹni tí ń bọ òrìṣà. Bí Iléyá bá dé, ẹran a máa kárí ilé. Bí ó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì a gba ọ̀nà kan náà padà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pàápàá fi ìsinmi kún un. Ní 2012, wọ́n ya ọjọ́ kìíní ọdún Híjírà sọ́tọ̀; ní 2013, wọ́n ya 20 Oṣù Kẹjọ sọ́tọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ilé-ìwé mọ̀ nípa ọjọ́ wọ̀nyí, ju pé a ti ìlẹ̀kùn kíláàsì lọ?

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé bí olùkọ́ bá ṣàlàyé ọdún ẹlẹ́sìn mìíràn, ọmọ àwọn yóò yẹsẹ̀. Mímọ ọdún aládùúgbò kì í ṣe bíbọ ohun tí ó ń bọ. Oríkì, tí Karin Barber fi ti Òkukù ṣe ìwé ní 1991, jẹ́ ẹ̀rí. A kì í bọ́ oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà tí a ń kì ṣì lè gbọ́ orúkọ òrìṣà baba ńlá rẹ̀ níbẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì dín.

Nítorí náà, kí ìsinmi kọ̀ọ̀kan tó dé, kí olùkọ́ fi wákàtí kan sọ ìdí rẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá, Àjíǹde tàbí Ìṣẹ̀ṣe, láìgbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Kí àgbà ìlú sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti ọdún Ọ̀tìn. Ọjọ́ tí a kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, oorun lásán ni a ó fi lò ó.