Lagos Town, Accra: Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ yín jáde nínú àpótí, ẹ fi sọ́rùn lọ síbi iṣẹ́

Bí èèyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mallam Atta ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀, oríṣiríṣi ẹ̀gbà ọrùn ló máa rí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ṣéènì tó ń dán bíi góòlù, àmọ́ tí kì í ṣe góòlù.

Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rà á. Kò ní pẹ́ tí òógùn á fi bó o lójú, tí ọrùn ẹni tó lò ó á sì di àwọ̀ ewé. Wọ́n á jù ú nù, wọ́n á tún ra òmíràn.

Nílé àwọn kan nínú àwọn obìnrin yìí, iyùn ìyá àgbà wà nínú àpótí. Ó ń dúró de ọjọ́ tí ẹnìkan máa ṣe ìgbéyàwó.

Èyí kò bójú mu rárá. Ọrùn ni ibi tó yẹ ìlẹ̀kẹ̀ gidi, ọjọ́ tó sì yẹ ẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì.

Àpótí kì í ṣe báńkì

Ìdí wà tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò ní Ghana, débi pé títí dòní, "alata samina" ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú níbẹ̀. Alata ni orúkọ tí wọ́n mọ àwọn ará Nàìjíríà sí.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi Ghana sílẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Yorùbá ló kó ẹrù wọn.

Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé gbé sínú mọ́tò. Gbèsè tó wà lọ́wọ́ oníbàárà kò ṣeé gbà tán lọ́sẹ̀ méjì. Àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣeé dì mọ́ etí ìró. Ìdílé tó bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ní fi ohun ọ̀ṣọ́ ṣeré, kò sì sí ẹni tó lè bá wọn wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yíwọ́ ni pé okùn ìlẹ̀kẹ̀ ń jẹrà nínú àpótí. Ọmọ tí kò rí i lọ́rùn ìyá rẹ̀ rí kò ní mọ orúkọ rẹ̀, kò ní mọ̀ bóyá iyùn ni tàbí ṣẹ̀gi, kò ní mọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Bí ìyá bá wá kú, oníṣòwò tó mọ iye rẹ̀ á kan ilẹ̀kùn, ọmọ tí kò mọ iye rẹ̀ á sì tà á. Àwọn olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá àwọn ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lójú méjèèjì, títí kan èyí tí àwọn ará Venice ní Ítálì ṣe láyé ọjọ́un tí àwọn òyìnbó fi ra ọjà níbí. Ohun tí ọmọ náà gbà lè má ju owó ṣéènì mélòó kan lọ.

Krobo kò jìnnà

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní iyùn, iyùn gidi sì wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Accra kò ní àwáwí, torí Odumase Krobo kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí i.

Níbẹ̀, ìgò tí àwọn èèyàn ti lò tán ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n á gún àfọ́kù ìgò kúnná bí ìyẹ̀fun, wọ́n á dà á sínú amọ̀ tí wọ́n dá ihò kéékèèké sí, wọ́n á ki ọ̀pá ewé gbágùúdá bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n á wá gbé e sínú ààrò. Iná á jó ọ̀pá ewé náà dànù, ihò tí okùn máa gbà kọjá á sì ṣẹ́kù.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ni wọ́n ń kó sára àwọn ọmọbìnrin Krobo níbi ayẹyẹ Dipo, nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ sípò àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣà á lọ́wọ́ ara rẹ̀ lè lọ sí ọjà ìlẹ̀kẹ̀ Koforidua ní Ọjọ́bọ̀.

Yorùbá náà kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, Abidemi Babalola, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Ìwádìí wọn fi hàn pé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń fúnra wọn ṣe gíláàsì, kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun yìí rárá.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò dárúkọ ọrùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọrùn aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹ̀gbà bá aṣọ mu. Ọrùn aṣọ ló yẹ kó ṣáájú.

Bí ọrùn aṣọ bá ṣí sílẹ̀ bíi lẹ́tà V, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbà dúró díẹ̀ sókè ibi tí ẹnu rẹ̀ parí sí. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì rẹ̀ á wọnú aṣọ, kò sì sí ẹni tó máa rí i. Bùbá ọlọ́rùn roboto ń fẹ́ èyí tó gùn dé àyà, tàbí èyí tó mọ́ ọrùn pẹ́kípẹ́kí. Èyí tó bá ń jà lórí etí ọrùn aṣọ, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mí, ẹ yọ ọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ tó ní kọ́là kò le rárá: ẹ ṣí bọ́tìnnì òkè, kí ẹ fi ọ̀wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Ó tó.

Lagos Town kún fún àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó ń lo híjáàbù. Ọ̀wọ́ gígùn aláwọ̀ kan máa ń dára lórí híjáàbù tí kò ní iṣẹ́ ọ̀nà lára, àmọ́ kó má wúwo, torí á máa fa aṣọ sísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ẹ lọ́rùn lè fi sí ọwọ́.

Àǹkárá ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Láti ọdún 2004 ni ìjọba Ghana ti ń rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa wọ aṣọ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kì í yọjú. Ẹni tó kó ìlẹ̀kẹ̀ Krobo aláràbarà lé àǹkárá aláràbarà ti pa ariwo ọjà méjì pọ̀. Ẹ wo àwọ̀ tó kéré jù lára aṣọ náà, kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ yẹn nìkan sọ́rùn. Ẹ fi Krobo alárà pamọ́ de kába tí kò ní àwòrán, tàbí jíǹsì àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ ti ń yọ.

Ṣẹ̀gi tàbí ìlẹ̀kẹ̀ funfun ló bá àdìrẹ mu. Léèsì tí wọ́n ti to òkúta wẹ́wẹ́ sí lọ́rùn kò nílò nǹkan kan. Bí yẹtí bá sì tóbi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbà kéré.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣì kù o. Pupa àti dúdú jẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ghana. Iyùn pupa jẹ́ àpọ́nlé lójú Yorùbá, àmọ́ ẹni tó bá fi lé aṣọ dúdú lọ síbi iṣẹ́ ní Accra, kó múra sílẹ̀ láti sọ ẹni tó kú. Funfun ni ti ayọ̀ níbẹ̀. Aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ funfun ni wọ́n fi ń mọ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ṣé ti òrìṣà kọ́?

Àwọn kan á ní ìlẹ̀kẹ̀ kò yẹ ẹlẹ́sìn. Lóòótọ́, àwọn olórìṣà ní tiwọn: ìdè Ifá wà lọ́wọ́ babaláwo, ìlẹ̀kẹ̀ funfun jẹ́ ti Ọbàtálá, pupa àti funfun sì jẹ́ ti Ṣàngó. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ awo kò ní ìdí láti fi ìdè ṣe fáàrí. Àmọ́ ìgò tí wọ́n yọ́ ní Odumase kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú.

Ohun tó yẹ kó kó ìdààmú bá èèyàn ni ayédèrú. Rọ́bà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ "iyùn" tó wà lọ́jà báyìí. Iyùn gidi máa ń tutù bí a bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó sì máa ń wúwo ju rọ́bà lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bákan náà láìsí ìyàtọ̀ kankan, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọjá, rọ́bà ni. Ní ti góòlù, ẹ wá nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀: 750 túmọ̀ sí pé ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni góòlù, 585 kò tó bẹ́ẹ̀.

Iyùn kò fẹ́ràn lọ́fíńdà, kò sì fẹ́ràn òógùn. Ẹ fín lọ́fíńdà tán kí ẹ tó fi sọ́rùn, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní alẹ́. Bí okùn bá ti rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ kó tó já sójú títì. Kí ó ta kókó sáàárín ẹyọ kan sí èkejì, pé bó bá tilẹ̀ já, ẹyọ kan náà ló máa bọ́.

Ìyá tó ní ọ̀wọ́ mẹ́ta nínú àpótí lè ní kí ó tú u, kí ó sì sín in sí ẹ̀gbà mẹ́ta fún ọmọbìnrin mẹ́ta. Bó bá gbé e lọ ní ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi sọ́rùn lórí àǹkárá ọjọ́ Ẹtì.