Ẹrù Àyà: Èsì fún Àwọn Tó Ní Ìyá Ọmọ Ò Gbọdọ̀ Dín Ọmú Kù

Mo ti gbọ́ ọ ní Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà ibẹ̀ ń ná. Mo ti gbọ́ ọ nínú dánfó láti Cele dé Òṣòdì. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ìyáàfin tó kàwé jù mí lọ. Èyí tí mo wá gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ìyá àgbà kan ní Mafolúkù ló ń bá ọmọbìnrin kan wí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó ní dókítà ti gbà láti bá òun dín ọmú òun kù. "Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tí èèyàn ò lè rù kà á lórí," ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Abiyamọ wo ló ń gé ọmú? Ta lo fẹ́ lọ ṣe fáàrí fún?" Gbogbo àwọn tó wà níjòókòó mi orí, wọ́n ní ìyá ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́ ló sọ.

Bí ẹ bá ní kí n kọ́kọ́ to ìgbàgbọ́ yìí kalẹ̀ kí n tó gbá a dànù, ó dáa, òun nìyí: ìyá tó bá jẹ́ kí wọ́n dín ọmú òun kù, aláfẹ́ ni, ó fi ebi pa ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá Ẹlẹ́dàá jiyàn. Wọ́n tún máa ń fi àwọn nǹkan mìíràn kún un, ṣùgbọ́n ìwé wọ́n, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ ṣòfò lórí àhesọ.

Ní ti ẹrù tí Ọlọ́run ń gbé kani lórí, ẹ lọ bi àwọn alábàárù Òṣòdì léèrè. Alábàárù á kọ́kọ́ wo ẹrù kó tó gbé e. Bó bá wúwo jù, á ní kí o pín in sí méjì, tàbí kí o wá ẹlòmíràn. Bó bá dé ibi tó ń lọ, á sọ ọ́, á nu òógùn, á gba owó rẹ̀. Obìnrin tí ọmú rẹ̀ wúwo jù kò ríbi sọ tirẹ̀. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí, ó gbé e lọ sọ́jà, ó tún gbé ẹrù ọjà lé e. Irú rẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin. Nígbà tó bọ́ kọ́mú sílẹ̀ níwájú mi, mo rí i pé ibi tí okùn rẹ̀ ń gbà ní èjìká ti jìn wọnú. Ìka mi wọ̀ ọ́. Ó máa ń gé fóòmù tìmùtìmù sábẹ́ okùn náà kó má baà gé òun lẹ́ran. Nígbà ooru, abẹ́ ọmú á bó, á máa yún, á máa rùn, àtíkè ò ràn án. Ọrùn ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún. Alábùkún ló fi ń dìde láàárọ̀, Alábùkún náà ló fi ń sùn lálẹ́. Fáàrí rèé o.

Wọ́n ní àṣejù òde òní ni kéèyàn máa pe ọmú ní ẹrù. Ní 1669, dókítà kan ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Durston, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọmú rẹ̀ ṣàdédé wú. Nígbà tó kú, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọmú náà wọn pọ́n-ùn 64. Òde òní ha ni? Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n oyún pàápàá lè mú kí ọmú obìnrin máa wú láìdáwọ́ dúró.

Wọ́n ní dídín ọmú kù ń fa jẹjẹrẹ. Irọ́ ni. Àwọn tó tọpa àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe é fún ní Sweden àti Denmark rí i pé jẹjẹrẹ ọmú kì í wọ́pọ̀ láàrin wọn tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàrin àwọn yòókù.

Wọ́n ní á sọ obìnrin di ọ̀lẹ. Simona Halep, ọmọ Romania tó gbá tẹníìsì tẹ́lẹ̀, ṣe é ní 2009. Ó gba Wimbledon ní 2019.

Wọ́n ní ọmú ni ìyá fi ń súre fọ́mọ, òun náà ló sì fi ń gégùn-ún. Mo gbà. Ṣé orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ń gbé ìre kà ni?

Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Kí ọkọ so ó mọ́ àyà fún ọ̀sẹ̀ kan ná, lẹ́yìn náà ká jọ jókòó.

Ti omi ọmú nìkan ni òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí dókítà bá já orí ọmú kúrò pátápátá, tó wá lẹ̀ ẹ́ padà sókè, ọ̀nà tí wàrà ń gbà ti gé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà ń ṣe báyìí, wọn kì í já orí ọmú kúrò lára ẹran tó ń fún un lẹ́jẹ̀. Tòun tẹran náà ni wọ́n jọ ń gbé sókè. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ṣe é fún báyìí ló tún fún ọmọ lọ́mú, bí àwọn kan tilẹ̀ ní láti fi wàrà inú agolo kún un. Obìnrin tó ṣì ń bímọ gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ èwo ló fẹ́ ṣe. Bó bá sì lè dúró títí á fi bímọ tán, ó tún dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí oyún mìíràn lè mú ọmú wú padà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àbíkẹ́yìn ọmọbìnrin tí wọ́n ń bá wí ní Mafolúkù wà ní Primary 3. Ṣé ọmú ló ń gbé dání lọ síléèwé ni?

Gbogbo ìyẹn, eré ni. Èyí tó ń bí mi nínú nìyí: wọ́n ní ìyá tí kò ní lè gbé ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdùbúlẹ̀, kì í ṣe ìyá.

Ẹ̀yin wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ rọ̀ dé ilé obìnrin yìí kan náà nígbà tó bímọ! Ìyá rẹ̀ wá láti ilé, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi omi gbígbóná jó o níkùn. Ẹ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ odó. Ẹ se ọbẹ̀ aláta fún un, ẹ fọ aṣọ rẹ̀, ogójì ọjọ́ gbáko, kò sì sẹ́ni tó pè é lọ́lẹ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ẹ tún fi kún un. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obìnrin tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo nọ́ọ̀sì ìlú Èkó lọ. Ara kan náà ló wá là yìí, obìnrin kan náà ni, kìkì pé kò sí ìkómọ tí wọ́n máa pín ìrẹsì níbẹ̀. Ẹ bá pa kítíkìtì mọ́, ẹ gbé ìbáwí jáde.

Ohun tí ìbáwí yẹn sì ń ṣe ni pé ó ń lé àwọn obìnrin sábẹ́lẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ lọ ṣe tirẹ̀, ó sọ fún àwọn ará ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìsọlọ̀ pé òun ń lọ síbi òkú ní Ìbàdàn. Kí ló tún lè sọ? Ó dá nìkan lọ múra, ó dá nìkan fọwọ́ síwèé. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan (mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà) bi í bóyá ọkùnrin tuntun ló rí. Ó padà sílé, ó wọ aṣọ tó fẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó ń díbọ́n. Nígbà tí mẹ́ruwà gbé omi dé, tí ará ilé sì ń wò ó, ojú tì í láti sọ pé òun ò lè gbé e. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì.

Kẹ́ẹ̀gì tó ń gba lítà 25 tó kún fómi, kílò 25 ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, ìkòkò tíì kékeré ni kó ṣì máa gbé ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ran án kí ẹ lè mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á ran yíká orí ọmú, wọ́n á ran wálẹ̀ tààrà, wọ́n á tún ran gba abẹ́ ọmú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Níbi tí ojú rírán tó wálẹ̀ ti pàdé ti abẹ́, ibẹ̀ ni awọ ti ń fà jù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé. Ibẹ̀ ló là lára àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi ń lọ wẹ egbò. Nígbà tí àṣírí wá tú, kí ni àwọn èèyàn wí? Wọ́n ní ẹ ò rí i, a ti sọ pé iṣẹ́ abẹ náà ò dáa! Ọwọ́ dókítà kọ́ ló la egbò yẹn. Ẹnu ló là á.

Òun ni mo ṣe ní kí ìyá tó fẹ́ ṣe é sọ ọ́ síta, kó sì tò ó bí wọ́n ṣe ń to ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kó sọ gbogbo ohun tó ń lò fún dókítà, títí kan àgbo àti Alábùkún. Áspírìn wà nínú Alábùkún. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí náà dókítà á ní kó dá a dúró kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wò, wọ́n á béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, wọ́n lè ya fọ́tò ọmú bó bá ti dàgbà díẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kó ní sùúrù oṣù mélòó kan. Bí egbò kékeré bá máa ń di àpá tó wú lára rẹ̀, kó sọ ọ́, torí ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń na obìnrin tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Èkó sí wa lójú, tí àjọ ìjọba sì ti ilé iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa ní 2020, òótọ́ ni, ó burú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè bóyá orúkọ dókítà wà ní ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, bóyá HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé ìwòsàn, mọ ilé ìwòsàn náà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní LASUTH ní Ìkẹjà, àti ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Òṣòdì.

Nílé, kó sọ ohun gbogbo kalẹ̀ láti orí àjà dé ibi tí ọwọ́ lè tó láìnà: gààrí, ìkòkò, oògùn. Bùbá tó ń gba orí wọ̀ ò ní ṣeé wọ̀. Ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì níwájú ni kó rà, àti kọ́mú tí kò ní wáyà, tó ṣeé dè níwájú, tí á máa wọ̀ tọ̀sán tòru. Gèlè pàápàá, kó gbàgbé rẹ̀ ná, torí ọwọ́ ò gbọdọ̀ ròkè. Kí wọ́n ti kọ́ ọmọ kékeré ṣáájú pé ẹ̀gbẹ́ màmá ni wọ́n ń jókòó báyìí, kì í ṣe àyà. Àti ọ̀já! Ẹ wo ibi tí ọ̀já ń gbà. Orí ibi tí wọ́n ran gan-an ló ń fún mọ́. Kò gbọdọ̀ pọnmọ títí dókítà á fi ní ó yá.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kì í sábà ju wákàtí méjì sí mẹ́rin lọ. Kó tó wọlé, dókítà á fi bírò sàmì sí i lára lórí ìdúró, wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun. Bílẹ̀ bá ti mọ́, kó dìde, kó máa rìn nínú ilé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀. Ìsinmi kì í ṣe kéèyàn sùn bí igi. Kó máa fi ẹ̀yìn sùn. Orí ọmú lè kú, kó má mọ ìfọwọ́kàn fún ìgbà díẹ̀, nígbà mìíràn títí láé. Àpá á dúdú, á le, kó tó máa rọ̀. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, bí ọmú kan bá ṣàdédé wú ju èkejì lọ, bí ọyún bá yọ, bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, kó má pe pásítọ̀ kó tó pe dókítà.

Ohun tó kù, ṣé ó tún yẹ kí n máa ṣàlàyé rẹ̀ fágbà? Kí ìyá rẹ̀ wá, bó ṣe wá nígbà ìkúnlẹ̀. Kí ọkọ máa mú ọmọ lọ síléèwé. Kí ẹgbẹ́ abiyamọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí pín oúnjẹ láàrin ara wọn, ẹnìkan lóòjọ́. Kí ará ilé mú ọmọ tó kéré jù sọ́dọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé. Bí ará ilé ò bá lè gba ọmọ, kó bá a gbé omi wọlé lọ́wọ́ mẹ́ruwà.