Bẹ́ẹ̀dì alátẹ́gùn: kì í ṣe kọ́ńténà ló yẹ kó gbé e wá

Lọ́dún 2015, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mark Aramli, gbé òwò ẹ̀ lọ síwájú àwọn olówó lórí ètò tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Shark Tank. Níbi ètò ọ̀hún, ẹni tó bá ní òwò tó gbà pé ó dáa á wá ṣàlàyé ẹ̀, àwọn olówó tó jókòó síbẹ̀ á sì sọ bóyá àwọn máa fowó sí i tàbí àwọn kò ní í fi sí i. 250,000 dọ́là ni Aramli béèrè, ó lóun á fún ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ òun. Ohun tó fẹ́ máa tà ni BedJet, àpótí kékeré kan tó máa ń wà nídìí bẹ́ẹ̀dì, tó ní ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ tó wọ abẹ́ aṣọ ìbora, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn síbi tí èèyàn sùn sí. Bí òtútù bá ń mú onítọ̀hún, á fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Bó bá jẹ́ pé ooru ló ń mú un, á fẹ́ atẹ́gùn lásán. Gbogbo àwọn olówó náà ló yọwọ́.

Aramli kò tìtorí ìyẹn pa òwò tì o. Ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí lórí bí aṣọ àwọn tó ń lọ sí òfurufú ṣe máa ń mú wọn lára dá kì í ṣe ọmọdé nídìí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti ooru ara. Ó padà sílé, ó ń tà á fáwọn tó nílò ẹ̀: obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti ń dáwọ́ dúró tí òógùn máa ń bò lóru, àti tọkọtaya tí ọ̀kan ń fẹ́ òtútù tí ìkejì ń fẹ́ ooru lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Iye tí wọ́n ń ta àpótí kan máa ń wà ní nǹkan bíi 400 dọ́là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ọjà Alábà nìyẹn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti ń tà lókè òkun tó ní í ṣe pẹ̀lú ooru, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó rò ó pé ibi tí ooru wà gan-an lòun ń gbé, pé bí òun bá kó kọ́ńténà kan wọlé, òun á jèrè. Ìrònú náà kò burú, ṣùgbọ́n ìṣirò ẹ̀ kò pé. Bí wọ́n bá ṣẹ́ 400 dọ́là sí nǹkan bíi 1,500 náírà, 600,000 náírà nìyẹn, kí wọ́n tó san owó ọkọ̀ òkun àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó bá ń gba iye yẹn kò ní í jẹun fún ju oṣù mẹ́jọ lọ kó tó ra àpótí kan. Ẹni tó sì ní 600,000 náírà lọ́wọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ló máa rà.

Owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló fa ìṣòro. BedJet kì í mú atẹ́gùn tutù. Atẹ́gùn tó bá wà nínú yàrá náà ló ń fẹ́ wọ abẹ́ aṣọ. Ní ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ amúlétutù ti sọ yàrá di tútù tẹ́lẹ̀, àpótí náà kàn ń gbé òtútù ọ̀hún wọ abẹ́ dùfẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ gbé e wá sí yàrá kan ní Mushin lóṣù Kẹta, tí ooru fi gba 31 tàbí 32 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, atẹ́gùn 31 náà ló máa fẹ́. Oníṣòwò tó bá kọ ọ́ sára páálí pé ó rọ́pò ẹ̀rọ amúlétutù, irọ́ ló ń tà.

Síbẹ̀, atẹ́gùn 31 kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Awọ ara èèyàn máa ń gbóná tó nǹkan bíi 33 sí 35, nítorí náà, atẹ́gùn tó kéré sí ìyẹn ṣì lè gba ooru díẹ̀ lára. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni òógùn. Òógùn tó bá gbẹ lára máa ń mú ooru lọ, èyí tó bá dúró sójú kan, wàhálà lásán ni. Ohun tí kì í jẹ́ kó gbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé fóòmù kò ní ibi tí atẹ́gùn máa gbà kọjá lábẹ́ ẹ̀yìn èèyàn. Àwọn baba ńlá wa tó sùn sórí ẹní lójúde lásìkò ooru mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan sì wà lónìí tí wọ́n ra fóòmù olówó ńlá, tí wọn kò bọ́ ọ̀rá ara ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kó má baà dọ̀tí, tí wọ́n á wá máa ṣépè fún NEPA lóru. Òòtọ́ ni pé NEPA lẹ́bi tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà wà ńbẹ̀.

Ará Japan kan ló rí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Hiroshi Ichigaya, tó ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ Sony, dá Kuchofuku sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni aṣọ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan nínú ẹ̀. Fáànù kékeré méjì ni wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, bátìrì ń gbé wọn ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ń gba inú aṣọ kọjá, òógùn ń gbẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe ti bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú, ìtẹ́sùn tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ àti omi òkun ba ilé-iṣẹ́ iná Fukushima jẹ́ lóṣù Kẹta, ọdún 2011, tí ìjọba Japan ní káwọn tó ń lo iná rẹpẹtẹ ní Tokyo àti agbègbè ẹ̀ dín in kù pẹ̀lú ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ọjà bẹ́ẹ̀ kiri. Oṣù díẹ̀ tí iná fi wọ́n ló sọ ohun tí wọ́n ń wò bí ohun ẹ̀rín di ohun tí wọ́n ń tò fún.

Nàìjíríà kò nílò ìmìtìtì ilẹ̀ kí iná tó wọ́n. Lóṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà fún yúníìtì kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ sí nǹkan bíi 209. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi 200 náírà ṣe ìṣirò ẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tó kéré jù lọ́jà, ìyẹn 1HP, máa ń fa nǹkan bíi 800 wáàtì. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ láì sinmi, yúníìtì mẹ́fà àti ààbọ̀ ni, ó dín díẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ń sinmi láàárín, tó jẹ́ ìdajì iye yẹn ló jẹ, 640 náírà ni lóru ọjọ́ kan, 19,200 náírà lóṣù. Ẹni tó ń gba 70,000 ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù ẹ̀ sùn nìyẹn. Fáànù onídùúró tó ń jẹ 60 wáàtì kò ní í gbà ju 3,000 náírà lọ lóṣù. Àwọn tó wà ní Band A tún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí o, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún fún lójúmọ́. Àwọn yòókù ń sùn sínú òkùnkùn, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti kọjá ohun tí wọ́n lè máa rà lálaalẹ́ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún, ọdún 2023.

Ibì kan wà tí fáànù onídùúró kò ti wúlò, ibẹ̀ gan-an ni ọjà bẹ́ẹ̀dì alátẹ́gùn wà nílẹ̀ Yorùbá. Inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni. Ihò nẹ́ẹ̀tì kéré, ó máa ń dín atẹ́gùn kù. Àwọn olùwádìí tó bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn nílẹ̀ Áfíríkà pé kí ló dé tí wọn kì í sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí ìjọba pín fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ooru ni ìdáhùn tó ń kọ́kọ́ jáde. Nàìjíríà nìkan ló sì ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà ẹ̀fọn tó ń ṣe èèyàn láyé, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe kà á. Ìyá tó ká nẹ́ẹ̀tì sókè láàárín òru nítorí pé ọmọ ẹ̀ ń sunkún ooru kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó mọ̀ pé ẹ̀fọn wà. Ọmọ tó ń sunkún ló wà níwájú ẹ̀ báyìí, ibà ọ̀la ṣì jìnnà.

Ní gúúsù Ghana, àwọn olùwádìí fi fáànù kékeré sínú nẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará abúlé, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2016: àwọn tó sùn níbẹ̀ ní oorun dùn mọ́ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná tí irú fáànù bẹ́ẹ̀ ń jẹ kò tó nǹkan. Bí fáànù méjì tó dà bí èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà bá ń fa wáàtì mẹ́fà lápapọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, 48 wáàtì-wákàtí ni. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 12 ámpíà-wákàtí gba 144. Ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì náà ló máa lọ lóru, páńẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tó jẹ́ 20 wáàtì sì lè dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ohun tó wà nínú èyí tí oníṣẹ́ iná kan ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn kò lè tò pọ̀.

Ta ló yẹ kó ṣe é? Kì í ṣe ẹni tó ń kó kọ́ńténà. Àwọn tó ń ṣe fóòmù ni. Vitafoam ti wà ní Ìkẹjà láti 1962, àwọn mìíràn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àti oníbàárà káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gé ihò sínú fóòmù, wọ́n mọ ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì tó wà nílé àwọn èèyàn. Kò yẹ kó ni wọ́n lára láti gé ojú ọ̀nà sí abẹ́ fóòmù tí atẹ́gùn máa gbà, kí wọ́n fi aṣọ oníhò bò ó, kí wọ́n sì bá ilé-iṣẹ́ sólà kan da ọwọ́ pọ̀ fún fáànù àti bátìrì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò bá ní owó fóòmù tuntun lè ra ìtẹ́sùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa tẹ́ lé ti tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn ará Japan.

Àwọn kan á ní irú nǹkan báyìí kò lè tà torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Nílé ìwòsàn kọ́ ni wọ́n ti máa sọ bẹ́ẹ̀. Iyàrá iṣẹ́ abẹ ni fífẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ aṣọ ìbora ti kọ́kọ́ di owó gidi. Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ara ẹ̀ máa ń tutù, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya púpọ̀, kí egbò sì tètè kó àìsàn. Dókítà Scott Augustine ní ìpínlẹ̀ Minnesota dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1987 lórí ìbora tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú ẹ̀, Bair Hugger. Nígbà tó fi di 2010, tí òun fúnra ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, 810 mílíọ̀nù dọ́là ni 3M fi ra ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ Augustine kò parí síbẹ̀ o, ó sì yẹ kí oníṣòwò gbọ́ ìyókù. Ó lọ ṣe ìbora mìíràn tí kò ní atẹ́gùn, ó wá ń sọ pé atẹ́gùn ti àkọ́kọ́ lè gbé kòkòrò àrùn wọ egbò àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ oríkèé fún. Ẹjọ́ tó lé ní 5,000 ni wọ́n pe 3M. Àjọ FDA ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sáwọn ilé ìwòsàn lọ́dún 2017 pé àwọn kò rí ìdí tí wọ́n fi máa pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tì, 3M sì borí nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ lọ́dún 2018, ṣùgbọ́n wàhálà náà kò tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn síbi tí èèyàn sùn sí gbọ́dọ̀ ronú nípa ohun tó wà nínú atẹ́gùn náà. Ní ìlú tí eruku ọyẹ́ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ pọ̀ tó báyìí, sẹ́ẹ́ tó ṣeé yọ fọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu fáànù, kì í ṣe nǹkan àfikún tí wọ́n á máa gba owó lọ́tọ̀ lé lórí.

Ti ìgbóná ńkọ́? Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ìyẹn ṣe nǹkan, pàápàá látìgbà tí owó iná àti gáàsì ti fò sókè níbẹ̀ lọ́dún 2022, torí pé owó kékeré ni wọ́n máa fi mú bẹ́ẹ̀dì gbóná ju kí wọ́n mú odidi ilé gbóná lọ. Nílé, kí àwọn tó máa ṣe é yọ ọ́ kúrò pátápátá. Irin tó ń gbóná nítòsí fóòmù, pẹ̀lú iná tó ń fò sókè fò sílẹ̀ báyìí, kò yẹ ní yàrá ọmọdé. Àjọ SON kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ayédèrú ẹ̀ bá kún ọjà kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé.

Ibi tí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́ọ̀dù àwọn aboyún. Wọ́n ń fún wọn ní nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ooru wà, iná ń lọ, ara aboyún sì máa ń tètè gbóná ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí ilé-iṣẹ́ fóòmù kan gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá lọ síbẹ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀, kí wọ́n kàn máa béèrè láràárọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá pé ṣé wọ́n ká nẹ́ẹ̀tì sókè lóru àná.